Ata Wà Lójú Ọmọ Dúpẹ́

Nàtákò, Lọ́kọ́ja,
Ọjọ́ Ajé.

Tinú ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kàdúná? Baba Dúpẹ́ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣẹ́gun ńkọ́? Ó tó bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ìkíni tu ìbínú náà lójú kí n tó kọ ọ́ tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ kà nìyí, kí o sì kà á lẹ́ẹ̀mejì: ẹ má mú Dúpẹ́ lọ sí ilé àdúrà kankan ní Sátidé. Kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ọ̀run ló ń pè é, kì í ṣe ibà, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Mo mọ ohun tó ń sunkún fún, mo sì ti dì í sínú àpò kan náà tí lẹ́tà yìí wà. Ṣùgbọ́n má tíì tú u. Bí o bá tú u nísinsìnyí, o ò ní ka ìyókù, èmi á sì ti fi ẹsẹ̀ tó wú jókòó kọ̀wé lásán.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ mi wú. Ọkọ̀ Ṣẹ́gun ni. Èyí tó fi agolo sadínì ṣe, tó fi ìdérí ọtí ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi ló páàkì í sí nígbà tí ẹ ń kó lọ. Mo ru omi bọ̀, mo tẹ ọkọ̀, ọkọ̀ lọ, èmi náà lọ. Baba rẹ tí ì bá sáré wá gbé mi, ńṣe ló dúró, ó ní, “Ìyá Tinú, ọkọ̀ yẹn kì í gba èrò.” Títí di àárọ̀ yìí ló ṣì ń rántí rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí ìjọba ti fún ọkọ rẹ ní ilé tí ẹ sì ti kó kúrò lọ́dọ̀ wa ni mo ti ń ṣa ẹrù yín. Mo rí òkòtó nínú ìkòkò ẹ̀wà. Mo rí ọmọ ayò nínú bàtà tí Baba rẹ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn lẹ́yìn tó ti wọ̀ ọ́ dé ìdajì ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ òwú wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ní kò burú, àwọn ọmọ ni, wọn ò mọ nǹkan kan. Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ dé.

Lẹ́tà rẹ! Ojú ewé mẹ́ta gbáko lórí kọ́bọ́ọ̀dù. O ní Baba Dúpẹ́ mú káfíńtà wá, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì sí pálọ̀, ẹ sì ti to ohun ìṣeré àwọn ọmọ sínú rẹ̀, èyí tó tóbi lókè, èyí tó kéré nísàlẹ̀. O ní ọmọlangidi tó ń pa ojú dé, èyí tí ọkọ rẹ rà ní Kánò, ó wà láàárín, ó jókòó bí olorì. O ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ, pé àlejò tó bá wọlé á máa yìn yín. O ní kí n kó ìyókù tó wà lọ́dọ̀ mi ránṣẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù lè kún, kí n sì gbà ọ́ nímọ̀ràn bí ó ṣe yẹ kí ìyá máa to ohun ìṣeré ọmọ.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń kọ “ẹ bá mi kí aládùúgbò,” ibẹ̀ ni o wá kọ ọ́ sí pé Dúpẹ́ kò jẹun mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti dé. Pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ ẹkún, “Ọmọ mi, ọmọ mi, ata wà lójú ọmọ mi.” Pé ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé ọmọlangidi fún un, ó jù ú nù. Pé ìyá ọkọ rẹ ní ọmọ tí kò tíì pa eyín dà tó ń pe ọmọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ mú un lọ fún bàbá aládùúrà, kó lọ máa sùn níbẹ̀, kó gbààwẹ̀. Tinú! Kọ́bọ́ọ̀dù gba ojú ewé mẹ́ta, ọmọ gba ìlà mẹ́rin. Ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkọ? Èmi ni. Ojú ara mi ni mo fi rí i.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn lo béèrè, máa gbọ́.

Èkínní: ohun ìṣeré kì í ṣe àwo àlejò. Àlejò kò bá ọ bí àwọn ọmọ yẹn, ìyìn wọn kò sì ní mú kí ọmọ rẹ jẹun. Má rò pé mi ò dán irú rẹ̀ wò rí. Nígbà tí ẹ̀yin náà wà ní kékeré, mo ní àpótí ọṣẹ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi àgádágodo sí i, ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn nìkan ni mo ń ṣí i. Mo rò pé mo gbọ́n. Ohun ìṣeré kò bàjẹ́ lóòótọ́, ilé ló bàjẹ́. Ìgbákọ mi di ẹṣin. Ajere mi di ilé adìyẹ. Ìwọ gan-an tí o fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn lónìí, ìwọ lo gbé fìlà tí Baba rẹ ń dé lọ sí ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀, tí o fi ṣe ọkọ̀ ojú omi létí odò Ọya. Àwọn apẹja Nupe ló bá wa fi àwọ̀n gbé e. Baba rẹ sá a, ó gbẹ, ó dé e lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ọ́fíìsì ń béèrè ẹni tó gbé ẹja wọlé. Ọmọ tí o bá ti ohun ìṣeré mọ́, ilé ni yóò fi ṣeré. Jẹ́ kí káfíńtà yẹn padà wá yọ ilẹ̀kùn onígíláàsì náà kúrò, kí o fi kọ́kọ́rọ́ náà ti oúnjẹ rẹ.

Èkejì: mi ò ní kí o wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ọjà tí òjò ká mọ́. Mo mọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí o má fà á le, ńṣe ni o máa jù ú sílẹ̀. Wá agbọ̀n ẹlẹ́nu gbòòrò, èyí tí kò ga, tí ọwọ́ Dúpẹ́ lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fi ọ̀kan sí ibi kan, má sì gbé e kiri. Ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń ṣomi sí. Ohun tó ń yí sínú ọ̀kan, ohun tó lè fọ́ sínú èkejì, ó parí. Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀ ni kí wọ́n kó o, kí ẹnikẹ́ni tó mú ìgbálẹ̀. O mọ̀ pé a kì í da pàǹtí nù lálẹ́ nílé wa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn là ń gbá a jọ sí di àárọ̀. Òkòtó mélòó, ọmọ ayò mélòó ló ti sùn nínú pàǹtí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, tí wọ́n sì bá a dé ààtàn láàárọ̀? Lẹ́yìn náà ni ẹkún á bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ó ní aládùúgbò ló jí i.

Má sì bá wọn kó o! Mo wò ọ́ nígbà tí ẹ wà níbí. O bẹ̀rẹ̀, o ń ṣà á lọ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀pà lóko olóko, àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, wọ́n ń wò ọ́. Ṣẹ́gun tún ń nàka, ó ní, “Ìyá, ó ku ọ̀kan níbẹ̀ yẹn.” Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kó jáde gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó wọlé.

Ẹ̀kẹta: ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀ tó ń yí kò gbọdọ̀ sùn lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn. Bi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi.

Mo ti ní ẹ̀kẹrin nínú tẹ́lẹ̀, nípa àwọn àkísà tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ fún ọmọlangidi, ṣùgbọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe àkísà. Kí o tó to ohun ìṣeré ọmọ, Tinú, kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó ń jẹ́ ohun ìṣeré lójú tirẹ̀. Ohun tí ìwọ pè ní ohun ìṣeré kọ́ ni òun pè bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ nìyí.

Kò pẹ́ tí ẹ dé ọ̀dọ̀ wa, mo ń lọ ata lọ́jọ́ kan, Dúpẹ́ wá lóṣòó tì mí. O mọ bó ṣe máa ń béèrè nǹkan, kì í sinmi. Ó fọwọ́ kan ọlọ, ó ní, “Ìyá, kí nìyí?”

Mo ní, “Ọlọ ni.”

Ó nàka sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi. “Èyí ńkọ́?”

Mo ní, “Ọmọ ọlọ ni.”

Mo rò pé ó ti tán. Ó tún ní, “Ṣé ìyá rẹ̀ nìyẹn?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ ni.”

“Kí ló dé tí ìyá rẹ̀ kì í pọ̀n ọ́n?”

Mo ní, “Dúpẹ́, òkúta ni. Kò ní ẹ̀yìn tí yóò fi pọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí n lọ ata mi.”

Ó wo ọmọ ọlọ náà bí mo ṣe ń tì í síwá sẹ́yìn nínú ata. Omi lé ròrò sí i lójú. Mo ní ata ló ta sí i, mo ní kó sún sẹ́yìn. Ó ní, “Ìyá, ata wà lójú rẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ ata tán, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sídìí àmù, ó bu omi, ó fọ̀ ọ́ fún un, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu fùú, fùú, bí o ṣe máa ń fẹ́ ojú òun náà. Ó sì wá àjákù ìró mi kan, ó fi pọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti lọ ata tán, yóò ti dúró, yóò tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Yóò fọ ojú fún un, yóò pọ̀n ọ́n, yóò máa rìn kiri àgbàlá, yóò ní kó má sunkún mọ́. Ìwọ kò rí i nítorí inú kìràkìtà ẹrù lo wà. Èmi rí i, mo sì ń fi í ṣe ẹ̀rín.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Dírẹ́bà ń fun fèrè, ọkọ rẹ ń wo aago. O rí i pé ẹ̀yìn Dúpẹ́ ga lábẹ́ ìró, o tú u. O ní, “Kí nìyí? Òkúta! Ẹ wá wò ó o, òkúta ni ọmọ yìí fẹ́ gbé lọ Kàdúná!” O sì nà án sí mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀, o ní, “Ìyá, ẹ gba ọmọ ọlọ yín.” Ẹnu ara rẹ lo fi pè é ní ọmọ, Tinú, o sì gbà á lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n. Èmi náà gbà á. Mo gbé e lé orí ọlọ. Ohun gbogbo sí àyè rẹ̀, ṣé o rí i? Bí a ṣe mọ ilé í tò tó nìyẹn.

Dúpẹ́ pariwo ẹkún. Ó na ọwọ́ méjèèjì síta láti inú ọkọ̀, ó ń ké títí ọkọ̀ fi yà tí mi ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí dé egungun. Mo rò pé èmi ló ń sunkún fún! Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, èmi náà ń sunkún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ṣe fáàrí fún Ìyá Rábì, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ nítòsí wa, pé ṣé ó rí i bí ọmọ ọmọ mi ṣe fẹ́ràn mi tó. Òun náà ń sọ ọ́ kiri. Ẹ ti sọ mí di ẹni tí òkúta gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lánàá tí lẹ́tà rẹ dé, mo ń lọ ata. Ọwọ́ mi kò mọ́, mo ní kí Baba rẹ máa kà á sí mi létí. Ó ka kọ́bọ́ọ̀dù, ó ka kọ́bọ́ọ̀dù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ. Ó wá dé ìsàlẹ̀, ó kà á pé, “Ata wà lójú ọmọ mi.” Ọwọ́ mi dúró. Mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ata bò ó látòkè délẹ̀.

Baba rẹ ní, “Kí ló dé?”

Mo ní, “Ọmọ Dúpẹ́ ni mo fi ń lọ ata láti ìgbà tí wọ́n ti lọ.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú.

Inú bí mi sí ọ, inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí ata. Wọ́n ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ọmọ rẹ kò bí èyí tó pọ̀n. Ó kàn rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lè pọ̀n ni, ó sì gbà á pọ̀n. Ìwà tí àwa ń wá lára àgbàlagbà nìyẹn. Ẹ̀yin wá fẹ́ mú un lọ gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀! Ọmọ tí kò kúkú jẹun tẹ́lẹ̀!

Mo ti fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkànrìn fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ kò fi ta ojú mọ́. Baba rẹ dúró tì mí, ó ní kí n rọra, kí ọṣẹ má wọ̀ ọ́ lójú. Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Mo sá a sóòrùn, mo fi àjákù ìró kan náà wé e. Àárọ̀ yìí ni mo gbé e lọ bá Súlè, dírẹ́bà tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Kàdúná. Ó gbé e wò lọ́wọ́, ó ní, “Haba, Ìyá! Dutse?” Òkúta ni Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ṣé kò sí òkúta ní Kàdúná ni?” Mo ní kì í ṣe òkúta, ọmọ ni. Ó wò mí títí. Bóyá ó rò pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gbé e sáàárín ẹja, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni yóò jókòó sí. Ọ̀la ló ń wá gbé àpò náà. Ó ní òun á ti dé ọ̀dọ̀ yín kó tó di Ọjọ́bọ̀, nítorí náà, ẹ kò ní àwíjàre kankan ní Sátidé.

Má bá ìyá ọkọ rẹ jà. Ẹ̀rù ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bà á, irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ìfẹ́. Pè é kó wá jókòó kí o tó tú àpò yìí. Sọ fún un pé Ìyá Lọ́kọ́ja ní ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí Dúpẹ́ bá gbà á. Bí ọmọ náà bá gbà á tí kò sì dákẹ́, ẹ mú un lọ síbi tó bá wù yín, èmi fúnra mi á wá bá a gba ààwẹ̀ náà.

Má gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù o. Má gbé e sí ilé ìdáná, kí ìwọ náà má lọ gbàgbé. Wá agbọ̀n kan fún òun nìkan, tẹ́ aṣọ sí i, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Dúpẹ́, lára ògiri. Kó má ṣe sí lẹ́nu ọ̀nà! Òkúta le ju agolo sadínì lọ.

Ìyókù ohun ìṣeré yín, mi ò fi ránṣẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù kò ní kú nítorí ebi. Ọkọ̀ Ṣẹ́gun sì wà ní àhámọ́ lọ́dọ̀ mi, kó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà á.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọlọ mi jókòó nìkan báyìí. Ìyá Rábì ní òun á yá mi ní ọmọ ọlọ tirẹ̀, mo ní kó fi í sílẹ̀, odó ni èmi á máa fi gún ata. Bí mo bá ń kọjá, èmi á máa wò ó, ìyá jókòó sí Lọ́kọ́ja, ọmọ lọ sí Kàdúná. Kì í ṣe ọlọ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ìsinmi, fi àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi, kí ìwọ náà sì tẹ̀ lé wọn. Kí Dúpẹ́ pọ̀n ọmọ rẹ̀ wá kí ìyá rẹ̀ fojú kàn án. Èmi á fi ọmọ náà lọ ata díẹ̀, bí Dúpẹ́ bá gbà fún mi, èmi fúnra mi á sì fọ ojú rẹ̀ kí n tó dá a padà sí i lẹ́yìn.

Ó yá, tú àpò.

Ìyá rẹ tí ń tiro,
Ìyá Tinú.